Èrè àti Ìyà fún Ẹni tí Àrùn Ọpọlọ ń Bá Jà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ilé, nítorí kò sí ìdílé kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ káàkiri ọjà, a lè dúró wò ó kí á sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ tiwa, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wa, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀: kí ni kí á ṣe sí i? Ṣé kí á nà án ni, àbí kí á máa tù ú?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. N kò fẹ́ fi àánú nìkan dáhùn rẹ̀, nítorí àánú a máa rẹ ènìyàn nígbà tí wàhálà bá pẹ́ nínú ilé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín ó lè gbé e wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yé gbogbo wa. Ọ̀nà méjì ni ohun tí a bá ṣe fi ń kọ́ wa lọ́gbọ́n, Yorùbá sì mọ méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́. Èkíní ni ọ̀nà èrè: yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Èkejì ni ọ̀nà ìyà: ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Àwa olùkọ́ ń rí méjèèjì lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó gba ìṣirò rẹ̀, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún, yóò tún fẹ́ nawọ́ lọ́la. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ṣì í, yóò ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ní ọdún 1898, Edward Thorndike, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ológbò tí ó há mọ́ inú àpótí. Ológbò á họ ibí, á họ ọ̀hún, títí yóò fi ṣèèṣì kan ohun tí ń ṣí ilẹ̀kùn, oúnjẹ sì wà lóde tí ó ń dúró dè é. Bí ó ti ń ṣe é lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yára jáde sí i. Ohun tí ó mú ìtẹ́lọ́rùn wá ni ó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí kò mú nǹkan wá ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Báwo wá ni ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé èrè wà nínú nǹkan kan? Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ọjà. Ẹ ra gààrí lọ́wọ́ ìyá kan tí ẹ kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó ní, "Èènì yín rèé." Inú yín dùn, nítorí pé ẹ kò retí rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín gbà lọ. Nígbà tí yóò bá fi di ìgbà kẹwàá, èènì náà kò yà yín lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá ti rí ìyá náà lókèèrè ni inú yín ti ń dùn. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí kò bu èènì, ojú yín á fà ro, bẹ́ẹ̀ gààrí tí ẹ sanwó fún kò dín.

Ohun kan náà ni Wolfram Schultz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí nínú ọpọlọ àwọn ọ̀bọ ní àwọn ọdún 1990 sí 1999. Oje èso ni ó ń kán sí wọn lẹ́nu. Nínú ọpọlọ ọ̀bọ, bí ó ti wà nínú tiwa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń fi omi iṣẹ́ kan tí a ń pè ní dópámìnì ránṣẹ́ sí àwọn apá ọpọlọ yòókù. Nígbà tí oje náà dé láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ta kìjí. Nígbà tí ọ̀bọ ti mọ̀ pé bí iná kan bá ti tàn, oje ń bọ̀, iná náà ni wọ́n ń ta kìjí sí, kì í ṣe oje mọ́. Bí iná bá sì tàn tí oje kò dé, ní àkókò tí ó yẹ kí ó dé gan-an ni wọ́n ń dákẹ́ lọ gbári. Ìròyìn tí wọ́n ń kéde kò ju èyí lọ: ó sàn ju bí mo ti rò, tàbí, kò tó bí mo ti rò. Ìròyìn yìí ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ó yẹ kí ó tún padà lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé orí àrùn náà. Ẹnu àwọn dókítà ni a ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, sikisofirínìà. Eugen Bleuler, dókítà kan ní Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1908. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni iyè tí ó pín. Kì í ṣe pé ènìyàn méjì ń gbé inú ara kan. Ohun tí Bleuler ní lọ́kàn ni pé èrò, ìmọ̀lára àti ìfẹ́-inú ènìyàn kò rìn pọ̀ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé bí ènìyàn 1 nínú 300 ni àrùn yìí ń bá jà káàkiri ayé. Láti ìgbà tí ọmọ bá ń sún mọ́ ogún ọdún títí dé bí ọgbọ̀n ọdún ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni pé àkókò tí òbí ń retí pé kí ọmọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Apá méjì ni àrùn náà ní. Apá kan ni ti ohun tí ó mú wá: ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìfura pé wọ́n ń lépa ẹni, ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Apá kejì ni ti ohun tí ó gbà lọ. Ẹni tí ó máa ń dápàárá di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ di ẹni tí ń lo ọ̀sẹ̀ kan nínú aṣọ kan. Iṣẹ́ kò wù ú, ọ̀rẹ́ kò wù ú, ó kàn jókòó. Apá àkọ́kọ́ ni ó ń ba ará àdúgbò lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìjókòó yìí ni ó ń bí àwọn ará ilé nínú jù. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n á ní, "Dókítà ti fún un lóògùn, kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, kí ló wá dé tí kò lè gbá ilẹ̀?" Ibí yìí ni ẹgba ti ń wọlé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 2007, James Waltz àti James Gold, tí iṣẹ́ wọn wà ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Michael Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán han àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọn le ní méjì-méjì, kí wọ́n máa mú ọ̀kan. Bí wọ́n bá mú un, a ó sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé àwọn aláìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ láti ara ìgbà tí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ní ti àwòrán tí ó yẹ kí wọ́n yẹra fún, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí ara wọn le.

Ní ọdún 2012, Gold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àwòrán kan wà tí ènìyàn fi ń jẹ owó, àwọn mìíràn sì wà tí ohun tí ó dára jù lọ tí ènìyàn lè rí nínú wọn kò ju pé kí owó rẹ̀ má ṣe dín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé oríṣi méjèèjì pọ̀: èyí tí ń mú owó wá, àti èyí tí kò mú owó wá ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí owó lọ. Àwọn tí ara wọn le fẹ́ràn èyí tí ń mú owó wá. Àwọn aláìsàn tí apá kejì àrùn náà pọ̀ lára wọn, àwọn tí a ń pè ní ọ̀lẹ wọ̀nyí, kò fi ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sáàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọ̀nà ti ìyá oní-gààrí. Ẹni tí ara rẹ̀ le mọ̀ pé ọjọ́ tí òun gba èènì sàn ju ọjọ́ tí wọn kò kàn rẹ́ òun jẹ lọ. Lójú aláìsàn yìí, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọọgba: wọn kò rẹ́ mi jẹ, ó tó. Ó mọ ibi tí kò yẹ kí òun dé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ń fà á mọ́ra. Ẹni tí kò sí ibi tí ń fà á, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó jókòó? Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó rí bákan náà o. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù.

Ẹlòmíràn lè rò pé oògùn ni ó fà á. Oògùn àkọ́kọ́ tí ó bá àrùn yìí jà dáadáa ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Largactil, tí Jean Delay àti Pierre Deniker bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris ní ọdún 1952. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa dín agbára ìròyìn dópámìnì kù, ohùn àti ìfura a sì máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ọdún 2012 náà, àwọn tí apá kejì àrùn pọ̀ lára wọn àti àwọn tí kò pọ̀ lára wọn ni wọ́n jọ ń lo oògùn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàárín wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi da oògùn ọmọ rẹ̀ nù. Bí oògùn bá ń ni í lára, dókítà ni kí ẹ lọ bá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò sọ pé, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ìyà ni ó ṣì là fún un, ẹ jẹ́ kí á fi ìyà kọ́ ọ." Ẹ dúró ná. Ìyà a máa sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe fún ènìyàn. Kì í sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe. Bí ẹ bá na ọmọ nítorí pé kò gbá ilẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá ni yóò kọ́. Yóò kọ́ láti máa sá fún ẹni tí ó nà án. Àrùn tí ó ń ṣe é gan-an ni fífà sẹ́yìn. Ẹ wá ń fi ẹgba kọ́ ọ kí ó túbọ̀ fà sẹ́yìn. Ní ti ohùn tí ó ń gbọ́ ńkọ́? Kì í ṣe ìwà tí ó yàn. Bí ẹ bá nà án títí, ohun tí yóò dáwọ́ dúró ni sísọ fún yín pé òun ń gbọ́ ọ. Ẹ ó rò pé ara rẹ̀ ti yá, àrùn náà á sì máa ràn ní abẹ́lẹ̀.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá gbé ẹgba. Ní ọdún 1972, George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀lé àwọn aláìsàn tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn padà sí ọ̀dọ̀ ẹbí wọn. Nínú àwọn tí ó padà sí ilé tí wọ́n ti ń ṣàríwísí wọn, tí wọ́n ń kanra mọ́ wọn, tàbí tí wọ́n ń kó àníyàn bò wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, 58 nínú 100 ni àrùn náà tún gbé dè láàárín oṣù 9. Nínú àwọn tí ilé wọn tòrò, 16 nínú 100 ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀? Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń nà, ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, láti fi rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn wọ yàrá. Ọwọ́ wa ni ìyókù wà.

Bí ọ̀nà èrè bá wá dí, ṣé ó ṣe é là? Ó ṣe é là díẹ̀, bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìlú Anna, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, Teodoro Ayllon àti Nathan Azrin dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Bí aláìsàn bá ṣe iṣẹ́ kan, wọn a fún un ní àmì kékeré kan tí ó dà bí owó, tí ó lè fi gba ohun tí ó wù ú. Àwọn tí wọ́n ti ń jókòó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń fún wọn ní àmì náà lọ́fẹ̀ẹ́, yálà wọ́n ṣiṣẹ́ tàbí wọn kò ṣe, iṣẹ́ lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún so ó mọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ padà. Ní ọdún 1977, Gordon Paul àti Robert Lentz tẹ ìwé jáde nípa ìwádìí tí wọ́n fi ṣe àfiwé irú ètò yìí pẹ̀lú oríṣi ìtọ́jú méjì mìíràn. Àwọn tí ó wà nínú ètò èrè ni wọ́n ṣe dáadáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ni ó là á? Èrè náà ṣe é fojú rí, ó sì ṣe é dì mú lọ́wọ́. Kíá ni ó ń dé. Ó sì so mọ́ iṣẹ́ kan pàtó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè fa èrè ọ̀la wá sí òní, a gbé èrè náà wá bá a níbi tí ó jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n sọ oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì di èrè, tí wọ́n ní kí aláìsàn ṣiṣẹ́ kí ó tó rí i. Ìyà ni ìyẹn, èrè kọ́. Ní ọdún 1972, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ṣe ìdájọ́ pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni irú nǹkan wọ̀nyí. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí nínú ilé tiwa. Oúnjẹ, ibùsùn, oògùn àti ìkíni òwúrọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ta ọjà.

Kò tilẹ̀ yẹ kí á wo òkè òkun nìkan. Ní ọdún 1954 ni iṣẹ́ Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Inú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn kan, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sí àárín àwọn tí ń dáko, tí ń ná ọjà, tí ń ṣe ayẹyẹ. Ẹ rò ó wò: láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí ènìyàn kò ní rí ẹni tí yóò wí fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn yìí nílé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí ẹ lè ṣe rèé. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó kéré: kí ó bọ́jú, tàbí kí ó gbé àwo tí ó fi jẹun lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá ti ṣe é, ẹ má ṣe dúró di alẹ́. Ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ yìn ín: "Àkànní, ọkọ mi, o gbé àwo rẹ. O káre." Oríkì kò gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì ń wọ ara. Ẹ fi nǹkan kékeré kan tì í, bí ó bá fẹ́ràn ẹ̀pà tàbí rédíò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tunla, kí ó má ṣe yí padà, nítorí èrè tí ń yí padà a máa ṣòro fún un láti mọ̀. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí kò ṣe é, ẹ má sọ nǹkan kan. Ọ̀la ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun kan ṣì kù. Ann Kring àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California rí i pé bí adùn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn yìí, wọ́n ń gbádùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ẹlòmíràn. Ìrètí adùn tí ń bọ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé wàá bá wa lọ sí ibi ìkómọ?" yóò ní rárá. Ẹ má ṣe gbà pé kò fẹ́ ayé mọ́. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, "Wọ bàtà rẹ, jẹ́ kí á jọ lọ." Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ìlù ń lù, tí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì díẹ̀, ẹ rán an létí nígbà tí ẹ bá délé pé inú rẹ̀ dùn lónìí. Ẹ jẹ́ ìrántí fún un, títí ìrántí tirẹ̀ yóò fi lágbára.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà bọ̀ sípò. Ẹlòmíràn a gbádùn tán, ẹlòmíràn a gbádùn dé ìdajì, ẹlòmíràn a ní láti máa gba ìtọ́jú títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè gbé àwo rẹ̀ lónìí lè fọ̀ ọ́ ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ gbé pàṣán yẹn padà sí àjà, kí ẹ sì wo ohun kékeré tí ọmọ yín ṣe ní òwúrọ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò kí i fún.